Stethoscope wo ló yẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pàjáwìrì l'Ékòó?

Ọ̀pọ̀ stethoscope, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró inú àyà, tó wà lórí àtẹ l'Ékòó, yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Aláìsàn á jókòó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, dókítà á rọra tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tó ń bá ańbúláǹsì jáde kì í rí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Abẹ́ bíríjì Ọ̀jọ́ta ni tiẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìdúmọ̀tà, tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò, fèrè ańbúláǹsì ń ké lókè orí yín, ìyàwó aláìsàn ń pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀. Láàárín gbogbo ìyẹn lẹ ti fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ọwọ́ òsì tàbí kò wọ̀ ọ́.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé "Littmann wo ni kí n rà?" (Littmann ni orúkọ irú stethoscope kan lọ́jà), ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló fẹ́ gbọ́. Ohun tí à ń wá nínú iṣẹ́ pàjáwìrì kò pọ̀. Ṣé èémí ń wọ ìhà méjèèjì bákan náà? Ṣé ó ń fọn bíi súfèé, bíi ti oníkọ́-fée tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fún? Ṣé ó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tí wọ́n dà sínú iná, èyí tó sábà máa ń jẹ́ àmì pé omi tàbí àìsàn wà nínú ẹ̀dọ̀fóró? Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn BP, ńkọ́? Tí ìyá kan bá sì bímọ sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé Island Maternity, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkàn ọmọ náà ń lù? Ìyẹn náà ló kù. Ìró ọkàn tó fara sin, irú èyí tí dókítà ọkàn máa ń fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan wá kiri, ẹ̀yìn ańbúláǹsì kọ́ ni wọ́n ti ń wá a. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ fi owó oṣù méjì ra èyí tí àwọn dókítà ọkàn ń lò, ẹ bi í léèrè ibi tó rò pé ẹ ti máa lò ó.

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lórúkọ, ká lè jọ máa sọ ohun kan náà. Orí ni ibi tó ń kan ara aláìsàn. Ojú kan orí yẹn ní awọ, ìyẹn ike tín-ín-rín tí wọ́n nà bí awọ ìlù. Ìró tó ga, bí ìró èémí, ló ń gbé dáadáa. Ojú kejì ni wọ́n ń pè ní agogo, torí ó jinnú bí ẹnu agogo. Ìró tó ń kùn nísàlẹ̀ ni tiẹ̀. Rọ́bà gba ọrùn orí náà gòkè, ó pín sí méjì, ó kan irin etí, ọmọ etí sì wà lẹ́nu irin kọ̀ọ̀kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí René Laennec bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí ní Paris lọ́dún 1816, ìwé tó ká bí ọ̀pá oníhò ló gbé lé àyà aláìsàn, tó sì fi etí sí i. Ohun kan náà la ṣì ń ṣe: afẹ́fẹ́ inú ihò ló ń gbé ìró dé etí. Ibi tí ihò yẹn bá ti ń jò, ibẹ̀ ni ìró ọkàn ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni ariwo títì ń gbà wọlé.

Jíjò yìí ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, etí ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Stethoscope owó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní ọmọ etí tó le gbagidi. Kò lè tẹ̀ bá ihò etí mu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, gbogbo ariwo á sì máa wọlé. Èyí tó rọ̀, tó ń dí ihò etí pinpin bí òòtẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi ìwọ̀n méjì sínú páálí, kékeré àti ńlá. Ẹ dán méjèèjì wò. Pé èyí tó tóbi ló wà lẹ́nu irin kò sọ pé òun ló bá yín mu. Tó bá tóbi jù, ẹnu ihò etí ló máa dúró sí. Tó bá kéré jù, ó máa wọ inú lọ, kẹ́ ẹ tó yẹ aláìsàn kẹta wò, etí á ti máa ta yín. Kí ọmọ etí náà sì di irin mú dáadáa, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ń yọ wẹ́rẹ́: tó bá bọ́ sínú etí, ó di iṣẹ́ dókítà mìíràn.

Ihò etí ènìyàn kì í lọ tààrà sínú. Ó yà síwájú díẹ̀, síhà imú, wọ́n sì ti tẹ irin etí síwájú bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ sódì, tí ẹnu ọmọ etí kọ sẹ́yìn, ògiri etí yín ló máa dí ihò rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán lẹ ó sì gbọ́. Àṣìṣe yìí pọ̀ lóru. Ẹni tó rò pé aláìsàn kò mí mọ́ lè jẹ́ pé òun gan-an ló wọ stethoscope sódì. Ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ìka ra awọ náà lẹ́ẹ̀kan ná. Tí kò bá dún létí yín, ọwọ́ yín ni ẹ̀bi wà.

Bí irin etí ṣe ń fún orí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe kókó. Tó bá ń fún yín bí ẹ̀mú, ẹ di irin etí méjèèjì mú níbi tó ti wọnú rọ́bà, kẹ́ ẹ rọra fà wọ́n yà. Tó bá tú jù, ẹ fún wọn súnmọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Irin tó wà nínú rọ́bà níbẹ̀ lè dá tí ẹ bá fi agbára yà á lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì dá, kò sí ẹni tó máa bá yín jó o.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ̀ ọ́ sétí kẹ́ ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má fi kan nǹkan kan: ariwo ọjà gbọ́dọ̀ relẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ontajà ń sọ kedere, kò dí. Ẹ wá fi orí ìka ra awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni nu eruku kúrò lójú dígí. Ó gbọ́dọ̀ dún bí ẹni ń ha ilẹ̀. Ẹ yí orí náà padà lórí ọrùn rẹ̀ títí ó fi ta "kẹ́", kẹ́ ẹ tún ra awọ yẹn. Báyìí ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, torí ojú kejì ló ṣí sílẹ̀. Tí ojú méjèèjì bá ń dún pa pọ̀, ọrùn rẹ̀ ń jò, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Tí kò bá ta "kẹ́" rárá, tó kàn ń yí gbirigbiri, ẹ dá ìyẹn náà padà: lójú iṣẹ́, á máa yí fúnra rẹ̀ láàárín ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lé àyà ara yín, lábẹ́ ọmú òsì, kó kan ara, má ṣe jẹ́ kí aṣọ wà láàárín. Tẹ́ ẹ kò bá lè gbọ́ ọkàn ara yín láàárín ọjà, ti ẹlòmíràn lórí bíríjì á ṣòro.

Rọ́bà ló kàn. Èyí tó nípọn, tó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ló ń dènà ariwo ìta. Èyí tó fẹ́lẹ́ ń gba ariwo láti ẹ̀gbẹ́. Èyí ló mú kí n má fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn Sprague Rappaport fún inú ọkọ̀, ìyẹn onírọ́bà méjì tó kún ọjà. Kò burú nínú wọ́ọ̀dù. Kò wọ́n, ó lágbára, wọ́n sì sábà máa ń kó agogo oríṣi 3, awọ 2 àti ọmọ etí mìíràn sínú páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà méjèèjì máa ń gbá ara wọn. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, pá-pá-pá rọ́bà lẹ ó máa gbọ́ dípò èémí. Awọ rẹ̀ tún wà lábẹ́ òrùka tó ń yí bí ìdérí ìgò, ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ sì ń tú u díẹ̀díẹ̀. Tí ìró rẹ̀ bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, òrùka yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Ní ti gígùn, 27 inches ló wọ́pọ̀, nǹkan bíi 69 cm. Àwọn kan wà tó jẹ́ 22 inches, 56 cm. Wọ́n á ní èyí tó kúrú ń gbé ìró dáadáa jù. Lójú iṣẹ́ wa, ìyàtọ̀ yẹn kò tó èyí tí etí ń mọ̀. Ẹ mú 27. Aláìsàn tó ń bì, tó ń wúkọ́, tàbí tó ń ju ọwọ́, ó dára kí ojú yín jìnnà sí i. Àléébù kan ni pé ó máa ń kọ́ igi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti okùn ọ́síjìn tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ ọrùn nígbà tẹ́ ẹ ń gbé ènìyàn wọnú ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé aláìsàn, ẹ fi í sínú àpò ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Orí onírin tí kì í dógùn-ún ń jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àyà, ìró rẹ̀ sì ń kún. Orí alumíníọ́mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n tó bá já bọ́ sórí títì, ẹnu rẹ̀ máa ń tẹ̀ bọ̀ọ̀, awọ kò sì ní jókòó dáadáa mọ́. Ti ìwọ̀n, Littmann Lightweight II wà ní nǹkan bíi 118 g, Classic III ní nǹkan bíi 150 g, Cardiology IV onígígùn 27 ní nǹkan bíi 177 g. Ẹni tó máa gbé e kọ́rùn fún wákàtí 12 á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ ní kí n yan ẹyọ kan ṣoṣo, irú Classic III ni, tàbí ohun tó bá a dọ́gba láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn bíi ADC tàbí MDF: rọ́bà kan ṣoṣo, orí irin, ojú méjì. Ojú ńlá Classic III fẹ̀ tó 4.3 cm, ojú kékeré 3.3 cm, àwọn méjèèjì ló sì ní awọ. Awọ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ méjì: tẹ́ ẹ bá gbé e lé ara láìtẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe bí agogo, ìró ìsàlẹ̀ ló ń gbé, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìró tó ga ló ń gbé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bí òòtẹ̀ ìwé lọ́jọ́ gbogbo, wọ́n á wá ní ìró BP kò dún. Ìró BP wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́. Àǹfààní kejì, tí àwọn tó kọ ìpolówó kì í sábà sọ, ni pé ojú tó ní awọ kì í kó iyanrìn. Agogo tó ṣí sílẹ̀ nínú báàgì á kó eruku, owú àti ìdọ̀tí gọ́ọ̀sì, wọn á sì wọ ọrùn lọ.

Ojú kékeré yẹn ni ti ọmọdé àti ti ọmọ tuntun. Lórí àyà ọmọ tuntun, ojú ńlá á gba àyà àti ikùn pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́. Ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 6, kẹ́ ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ máa fi ìka ta á sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹni kejì lè fi ojú rí i. Tí kò bá tó 100, ọmọ náà nílò kí wọ́n fi báàgì àti ìbòjú fẹ́ èémí sí i. Tó bá ṣì wà lábẹ́ 60 lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 tí èémí yẹn ti ń wọlé dáadáa, ìgbà náà ni títẹ àyà bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń lo bátìrì ńkọ́? Littmann CORE lè gbé ìró ga dé ìlọ́po 40, ó sì ń dín ariwo ìta kù. Fún ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo, tó ti jókòó sábẹ́ fèrè ańbúláǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní gbà á níyànjú. Bó ṣe ń gbé ìró èémí ga náà ló ń gbé fífà aṣọ àti gbígbọ̀n ọwọ́ ga. Ó fẹ́ kí wọ́n máa cháàjì rẹ̀. Ó sì rọrùn láti pàdánù níbi tí èrò bá ti pé lé aláìsàn lórí. Ní ti èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ BP ìlò ilé nínú páálí kan náà, ojú kan ṣoṣo ló ní, rọ́bà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún BP nínú ilé tó dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á pọ̀: Ìdúmọ̀tà, Mushin, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ìwòsàn tó yí ilé ìwòsàn LUTH ká n'Ídí-Àràbà. Gbólóhùn kan náà lẹ ó gbọ́ níbi gbogbo: "Dókítà mi, ojúlówó ni, ẹ wo ara ẹ̀." Ó dáa, ẹ wo ara ẹ̀ lóòótọ́. Littmann gidi ní nọ́ńbà tí wọ́n fi iná gbẹ́ sára irin orí rẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á, kò gbọdọ̀ ṣí. Tó bá jẹ́ síkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí pé kò sí rárá, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ara irin wé ti ara páálí. Ẹ fún rọ́bà náà láàárín ìka méjì: gidi á nípọn, á sì padà bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀, ayédèrú sábà máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó sì ń rùn bí sálúbàtà tuntun. Ẹ má sọ pé ayédèrú ni torí pé ẹ rí orúkọ Solventum lára páálí dípò 3M, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Littmann tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2024 ni 3M ya ẹ̀ka ìlera rẹ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn, Littmann sì bá a lọ. Tí iye rẹ̀ bá kéré sí ìdajì ohun tí gbogbo ọjà ń sọ, ìdí wà. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ayédèrú ni pé Sprague tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tó kéré lówó, sàn jù ú lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tí ì tó Littmann, kó ra èyí tí kò purọ́.

Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà tẹ́ ẹ ti máa sanwó, torí èyí tí wọ́n fi hàn yín àti èyí tí wọ́n máa gbé jáde láti ẹ̀yìn lè má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Rírà ti parí, ó ku lílò nínú ariwo. Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ àyà kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀. Ìṣẹ́jú kan nínú pálọ̀ aláìsàn, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n pa tẹlifísọ̀n àti jẹnẹrétọ̀, sàn ju ìṣẹ́jú 10 lórí Ìkòròdú Road. Tẹ́ ẹ bá sì ti wà lórí ìrìn, ẹ mọ̀ pé ara yín gan-an ń gbé ariwo. Ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ń gba ẹsẹ̀ yín gòkè dé ọwọ́, ó sì ń wọ orí stethoscope. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kó jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Ẹ má fi ìgunpá ti igi bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà rọ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó má kan aṣọ yín. Ìka ìtọ́ka àti ìka àárín ni kẹ́ ẹ fi di orí rẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ìlù ẹ̀jẹ̀ inú àtàǹpàkò yín lè dàpọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Irun àyà máa ń ta pàrà-pàrà lábẹ́ awọ bí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi díẹ̀ tẹ irun náà mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fèrè yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré." Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á dín eré kù pẹ̀lú.

Ibi mẹ́rin lórí àyà ló tó fún ẹni tó ń kánjú: abẹ́ egungun ọrùn lọ́tùn-ún àti lósì, abíyá lọ́tùn-ún àti lósì. Èémí kan tó pé níbì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa fi ọ̀tún wé òsì ní ibi tó dọ́gba kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, tí ìhà kan dákẹ́, tí èémí ń nira fún un, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀: afẹ́fẹ́ lè ti há sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà ní ìhà yẹn, kò sí àsìkò láti dúró de fọ́tò àyà. Oníkọ́-fée tó ń fọn bíi súfèé ṣì ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí tó fọn, tó wá dákẹ́ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, ni kẹ́ ẹ sáré bá. Fífọn tó dákẹ́ máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, wọ́n á rò pé oògùn ti ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá ti ki ọ̀pá èémí sí aláìsàn lọ́fun, òkè ikùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lé, kẹ́ ẹ tó lọ sí àyà. Tó bá ń hó gbòlò-gbòlò níbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fún báàgì èémí, ọ̀nà oúnjẹ ni ọ̀pá náà wọ̀. Ẹ yọ ọ́. Tí ikùn bá dákẹ́, ẹ lọ sí abíyá méjèèjì. Tí ọ̀tún bá ń mí, tí òsì kò mí, ọ̀pá ti lè jinlẹ̀ jù, torí ọ̀nà ọ̀tún ló tọ́ jù fún un láti yà sí. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì èémí ṣeé gbára lé ju etí lọ níbí, tí ọkọ̀ yín bá ní in. Bó bá wà tàbí kò sí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sún aláìsàn, láti ilẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, láti bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀, ẹ tún un gbọ́.

BP náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ fi ìka sórí ìlù ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ fẹ́ báńdì tẹ́ ẹ dì mọ́ apá aláìsàn títí ìlù yẹn fi dákẹ́, kẹ́ ẹ fi 30 mmHg kún un. Ẹ gbé orí stethoscope sí ojú inú ìgunpá, lórí òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ má kì í bọ abẹ́ báńdì, torí fífà aṣọ báńdì á bo gbogbo ìró. Ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní 2 sí 3 mmHg ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà òkè, ibi tó ti dákẹ́ ni ti ìsàlẹ̀. Tí ariwo bá pọ̀ débi pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ létí, ẹ fi ìka pa dà sí ọrùn ọwọ́: ibi tí ìlù ti padà wá ni nọ́ńbà òkè. Ẹ kọ ọ́ bí 110/P; P yẹn ń sọ pé ìka lẹ fi mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà kan tó jẹ́ òótọ́ wúlò fún ẹni tó máa gba aláìsàn lọ́wọ́ yín ju méjì tẹ́ ẹ fojú inú wò lọ.

Ọ̀tá rọ́bà l'Ékòó ni oòrùn àti òógùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Epo ara àti òógùn ọrùn ń mú kí rọ́bà le díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa ya, nítorí náà kọ́là aṣọ ni kó jókòó lé, kó má kan ọrùn gan-an. Ẹ fi owú tàbí pépà tó ní ọtí 70% nù ún lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, orí, rọ́bà àti ọmọ etí. Sànítáísà ọwọ́ tí kò tí ì gbẹ kò dára fún un. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ ná. Ẹ má rì í sínú omi, ẹ má sè é, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ooru tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́. Ibi tí rọ́bà ti pín sí méjì àti ibi tó ti wọ ọrùn orí ni ó ti ń kọ́kọ́ sán. Ẹ tẹ̀ wọ́n lóṣooṣù kẹ́ ẹ wò ó lójú iná. Tó bá ti sán, sẹ́lótéèpù kò ní tún un ṣe, ó kàn máa pa jíjò náà mọ́ lójú yín ni.

Ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ní gbọ̀ngàn pàjáwìrì, "ẹ yá mi, mò ń bọ̀" ti gbé stethoscope púpọ̀ lọ. Àwọ̀ tó yàtọ̀ náà ń ṣèrànwọ́, torí dúdú ni gbogbo ayé ń gbé. Kẹ́ ẹ sì ní ìkejì tí kò wọ́n nínú báàgì fún aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí àrùn tó ń ràn bò lára, èyí tẹ́ ẹ lè jù nù láìronú.

Nínú náílọ̀n kékeré kan, ẹ tọ́jú ọmọ etí méjì, awọ kan àti òrùka rẹ̀. Pípààrọ̀ awọ kò le. Ẹ fi èékánná gbé etí òrùka rọ́bà náà níbì kan, kẹ́ ẹ ká a kúrò yí ká. Ẹ nu ojú irin náà. Tí awọ àti òrùka bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ (ti Classic III jẹ́ ẹyọ kan pọ̀), ẹ ki etí awọ tuntun sínú ihò tó wà nínú òrùka, ẹ lè fi pọ́dà fẹ́ẹ́rẹ́ pa inú òrùka náà kó lè yọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ irin, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ìyókù wọlé yí ká, kẹ́ ẹ wá fi ìka rìn ín yí po láti mọ̀ bóyá ó ká níbì kan. Ẹ wọ̀ ọ́ sétí, kẹ́ ẹ fi ìka ra awọ náà kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún.